Ọwọ́ Kan Kò Gbé Ẹrù Dé Orí

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá dúró sí ojú títì ní Itamaga níhìn-ín, tí ó sì wo ọ̀kánkán, yóò rí i pé bí títì náà ti ń jìnnà tó ni ó ń rí tóóró tó. Títì kò yí padà. Ojú wa ni ó ń rí i bẹ́ẹ̀. Bí a ti í ya irú èyí sórí ìwé ni ọmọ Ìjẹ̀bú kan fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Èkó. Àìná Ọnàbólú ni orúkọ rẹ̀.

Ìjẹ̀bú-Òde ni a bí i sí ní ọdún 1882. Kò rí ẹni kọ́ ọ. Àwòrán inú ìwé òyìnbó ni ó ń wò yà. Nígbà tí ó di akọ̀wé ìjọba ní Èkó, kò fi ọnà sílẹ̀. Ní ọdún 1906 ó ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage. Àwọn òyìnbó kan ń wí nígbà náà pé ènìyàn dúdú kò lè ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ọnàbólú kò bá wọn ṣe asọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi dá wọn lóhùn. Ní ọdún 1920 ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní ilé-ẹ̀kọ́ St John's Wood ní Lọ́ńdọ̀nù.

Nígbà tí ó padà dé ní ọdún 1922, ó ń ti ilé-ìwé kan bọ́ sí òmíràn láti kọ́ni. Iṣẹ́ náà ju agbára ẹnìkan lọ. Ẹlòmíràn ìbá fẹ́ kí òun nìkan máa jẹ́ ọ̀gá, ṣùgbọ́n Ọnàbólú fúnra rẹ̀ ni ó bẹ ìjọba pé kí wọ́n mú olùkọ́ mìíràn wá. Kenneth Murray dé ní ọdún 1927. Ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀: iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ ni ó fẹ́ kí àwọn ọmọ dì mú. Síbẹ̀ ilẹ̀ wa jèrè àwọn méjèèjì. Lọ́wọ́ Murray ni Ben Enwonwu ti kọ́ṣẹ́. Akitiyan Murray sì wà nínú ohun tí ó mú kí a ṣí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkàn, Èkó, ní ọdún 1957.

Ọnàbólú kú ní ọdún 1963, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò bá a kú. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ kan, tí ó sì ń bẹ̀rù kí ẹlòmíràn má baà mọ̀ ọ́n, ọjọ́ ikú rẹ̀ ni òpin iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí ẹ bá mọ̀, ẹ fi kọ́ ẹnìkejì yín. Bí ẹrù bá sì wúwo, ẹ má ṣe tijú láti ké sí olùrànlọ́wọ́.