Ọmọ Òrukàn Gẹ́gẹ́ Bí Òṣùwọ̀n Ìsìn: Àpẹẹrẹ Kan láti Ajégúnlẹ̀

Iṣẹ́ èbúté Àpápá ló kó ọ̀pọ̀ èrò wá sí Ajégúnlẹ̀: Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Ùrhobò, Ígbò, Haúsá, Yorùbá, kálukú pẹ̀lú ẹ̀sìn rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí kò wọ́n níbẹ̀. Omi tó mọ́ àti iṣẹ́ tó dájú ló wọ́n. Nínú ìsìn tó pọ̀ tó báyìí, níbo ni ènìyàn ti ń rí ìtumọ̀ ayé rẹ̀? Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbè lẹ́sẹ̀ ni pé oore ẹ̀ẹ̀kan kò tó o. Ìgbà tí ènìyàn bá gba ẹrù ẹlòmíràn rù, tí kò sì ní sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́, ló ń rí i.

Odion Ighalo, agbábọ́ọ̀lù, ni ẹ̀rí tó sún mọ́ni jù. Wọ́n bí i ní Ajégúnlẹ̀ ní 1989, pápá Maracana tó wà níbẹ̀ ló ti kọ́ bọ́ọ̀lù, kó tó gba Norway lọ ní 2007. Ní oṣù Kejìlá 2015, nígbà tó wà ní Watford, òun ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lóṣù náà ní líìgì Premier. Ní 2019, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ní ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà, kò sẹ́ni tó jù ú lọ. Ẹni tó bá ti wò ó yóò rántí bó ṣe máa ń kúnlẹ̀, tó ń nawọ́ sókè sí Ọlọ́run.

Ilé ọmọ òrukàn tó ṣí ní Ìjẹ̀gun, l'Ékòó, ní 2017 ló fún ìkúnlẹ̀ náà ní àlàyé. Eré bọ́ọ̀lù a máa parí. Ọmọ ní tirẹ̀ yóò jẹun láàárọ̀, yóò jẹ lálẹ́, ibà yóò mú un, owó ilé-ẹ̀kọ́ yóò tún dé bí sáà bá yí.

Ìwé mímọ́ méjèèjì tí Ajégúnlẹ̀ ń kà ti fi ọmọ òrukàn ṣe òṣùwọ̀n. Ìwé Jákọ́bù, orí 1, ẹsẹ 27, ka ìtọ́jú ọmọ òrukàn àti opó mọ́ ìsìn tòótọ́. Súrà 107 nínú Kùránì bá ẹni tó ń lé ọmọ òrukàn dànù wí, òun àti àwọn tó ń kírun fún àṣehàn. Bọ́lájí Ìdòwú náà, nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè tó jáde ní 1962, fi hàn pé ìwà ni Yorùbá gbà pé Olódùmarè fi ń dá ènìyàn lẹ́jọ́.

Àwọn kan yóò ní olówó ni oore rọ̀ lọ́rùn. Rárá o. Ìyá tó ń ta omi tútù, tó sì gba ọmọ àbúrò rẹ̀ tó kú tọ́, ṣe irú iṣẹ́ kan náà láìsí kámẹ́rà. Àtakò tó le jù ni ti Viktor Frankl, dókítà tó la àgọ́ Auschwitz já. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1946, ó ní iṣẹ́ tàbí ìfẹ́ ẹlòmíràn lè fún ayé ní ìtumọ̀. Kò fi ẹ̀sìn ṣe ọ̀ranyàn. Kí wá ni Ọlọ́run fi kún un? Ipò ìríjú ni. Ẹni tó gbà pé owó ọwọ́ òun kì í ṣe tòun ṣì ní ẹni tí yóò jíhìn fún nígbà tí ìyìn aráyé bá tán.

Nítorí náà, ìrẹsì Kérésì àti ṣúgà Ramadan kò tó, bó ti wù kí wọ́n wúlò tó. Ansar-ud-Deen, ẹgbẹ́ Mùsùlùmí tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 1923, ti fi ilé-ẹ̀kọ́ ṣe iṣẹ́ ẹ̀sìn. Ìjọ tó rí jájẹ ní Àpápá lè gba ọmọ mélòó kan ní Ajégúnlẹ̀, kó san owó ilé-ẹ̀kọ́ wọn títí wọn yóò fi rí iṣẹ́, kí mọ́sáláṣí náà sì fi sàká ṣe bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ náà sínú ìwé, kí àwọn ọmọ ìjọ sì máa béèrè wọn lọ́dọọdún.