Aminu Kano àti Ìfiṣẹ́sílẹ̀ Ọdún 1950

Ní ọdún 1950, Aminu Kano, olùkọ́ lábẹ́ ìjọba amúnisìn ní Àríwá Nàìjíríà, kọ̀wé fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Wọn kò lé e, bẹ́ẹ̀ ni kò sí iṣẹ́ mìíràn tó lówó lórí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó ń dúró dè é. Òun ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Maru, ní agbègbè Sókótó ìgbà náà, ó sì wà lára àwọn ọmọ Àríwá díẹ̀ tí wọ́n ti kàwé dé Lọ́ńdọ̀nù.

Kánò ni wọ́n bí i sí ní 1920, sínú ìdílé àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹjọ́ alùkálì. Ẹni tó ti irú ilé bẹ́ẹ̀ wá, tó sì tún mọ ìwé òyìnbó, ọ̀nà ipò ti là sílẹ̀ fún un. Abubakar Tafawa Balewa, tí wọ́n jọ ṣe olùkọ́ ní Bauchi tí wọ́n sì jọ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, gba ọ̀nà náà. Kì í ṣe pé Balewa kò rí àbùkù ìjọba ìbílẹ̀: ó bá a wí ní gbangba ní ọdún 1950 kan náà. Ṣùgbọ́n ó gbà pé láti inú ilé ni a ti ń tún ilé ṣe.

Aminu kò gbà bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ ètò tí òyìnbó fi ń lo àwọn ẹ́míà, owó orí, ẹjọ́ àti ẹ̀wọ̀n wà lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ kan náà, nítorí náà talaka tí wọ́n bá fìyà jẹ kò ní ibòmíràn tí yóò gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ. Lójú Aminu, ìwà yìí lòdì sí Ìsìláàmù fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣèlú NEPU sílẹ̀ ní Kánò ní oṣù kẹjọ ọdún 1950 (Bello Ijumu, tí orúkọ rẹ̀ fi hàn pé ilẹ̀ Òkun ló ti wá, wà lára àwọn olùdásílẹ̀), ọ̀rọ̀ dé ojú ọgbẹ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọ́dọ̀ ṣe òṣèlú. Bí Aminu bá fẹ́ jẹun Maru, ó ní láti dákẹ́. Nínú ìwé tó fi ṣàlàyé ìdí tó fi lọ, ó ní òun kọ̀ láti gbà pé dandan ni kí ilẹ̀ náà wà nígbèkùn àjùmọ̀ṣe òyìnbó àti àwọn ìjòyè Fúlàní. Fúlàní sì ni òun náà.

Ohun tó tẹ̀lé e korò. Ní ìbò 1951, NEPU ṣe dáadáa ní ìpele ìsàlẹ̀ ní ìlú Kánò, ṣùgbọ́n ètò ìbò náà ní ìpele lórí ìpele, ọwọ́ àwọn aláṣẹ sì wọ àwọn ìpele òkè. Ẹgbẹ́ náà kò rí ẹnì kan rán lọ sí ilé ìgbìmọ̀ ní Kaduna. Aminu tún fìdí rẹmi ní 1954. Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni àwọn alùkálì sọ sẹ́wọ̀n.

Ó di 1959, ọdún kẹsàn-án lẹ́yìn tó kúrò ní Maru, kí àwọn ará Ìlà-Oòrùn Kánò tó dìbò yàn án sí ilé ìgbìmọ̀ àpapọ̀ ní Èkó. Balewa ni olórí ìjọba tó bá níbẹ̀.

Aminu Kano kú ní oṣù kẹrin ọdún 1983. Ilé rẹ̀ ní Gwammaja, tí wọ́n ń pè ní Mambayya, ti di ibi tí Yunifásítì Bayero ti ń ṣe ìwádìí lórí ìjọba tiwa-n-tiwa.