Ilé Ọtí Tí Wọ́n Gbé Sókè, Tí Wọ́n Tún Gbé Kúrò

Ẹ̀yin olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù, mo mọ̀ pé ẹ mọ Manchester. Àmọ́ kì í ṣe Old Trafford là ń lọ lónìí. Ilé ọtí kan la fẹ́ yà sí, Old Wellington.

Ọdún 1552 ni wọ́n kọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ìlú. Igi ni egungun rẹ̀, gbogbo rẹ̀ hàn síta lára ògiri funfun. Kò pẹ́ tí apá kan fi di ṣọ́ọ̀bù aṣọ ìdílé Byrom. Níbẹ̀ ni wọ́n ní wọ́n bí John Byrom sí ní 1692, ẹni tó kọ orin Kérésìmesì “Christians, Awake”. Òun náà ló ṣe ọ̀nà ìkọ̀wé kúkúrú kan, kí ọwọ́ lè máa bá ẹnu sáré.

Ọtí ò tètè wọbẹ̀ o. Nígbà tó fi máa di 1865, ìsàlẹ̀ ti di ilé ọtí, àwọn oníṣòwò míì ló wà lókè. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé irinṣẹ́ ìpẹja ni wọ́n ń tà lókè níbẹ̀. Bíà nísàlẹ̀, ìwọ̀ ẹja lókè!

Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n ń kọ́ ilé ìtajà tuntun yí i ká, ilẹ̀ ibẹ̀ sì máa ga ju ẹsẹ̀ ilé náà lọ. Wọn ò wó o. Wọ́n da kọnkéré sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì gbé odindi ilé sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún.

Bọ́ǹbù ló kàn. Ní Sátidé, 15 Oṣù Kẹfà 1996, ẹgbẹ́ IRA gbé ọkọ̀ tó ní bọ́ǹbù bíi 1,500 kílò sí àárín ìlú. Wọ́n ti fóònù ṣáájú, àwọn ọlọ́pàá sì kó èèyàn kúrò. Ẹnikẹ́ni ò kú, ṣùgbọ́n àwọn tó farapa lé ní 200. Old Wellington náà fara gbọgbẹ́. Euro 96 ń lọ lọ́wọ́ nígbà yẹn. Lọ́jọ́ kejì gan-an, Jámánì àti Rọ́ṣíà ṣì gbá bọ́ọ̀lù ní Old Trafford.

Nígbà tí wọ́n wá ń tún ìlú tò, ilé yìí dí ètò tuntun lọ́wọ́. Wọ́n tú u, wọ́n kó o lọ sẹ́bàá kàtídírà, wọ́n sì tún un tò. Ó ṣílẹ̀kùn padà ní 1999. Sinclair's, aládùúgbò rẹ̀ àtijọ́, bá a kó lọ.

Àwọn kan á ní kì í ṣe ilé 1552 mọ́. Èmi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n ìlú tó fẹ́ kí ilé ṣẹ́ kù máa ń wá ọ̀nà, owó á sì jáde. Ẹ bá mi dá sí i: tí ilé bá kúrò lójúkò rẹ̀, ṣé ilé yẹn náà ni?