Yíyan pùròpẹ́là fún ọkọ̀ apẹja tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti pẹ́

Pùròpẹ́là ni irin tí ó ní ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi máa ń yí lábẹ́ omi láti fi ti ọkọ̀ síwájú. Lára ẹ́ńjìnnì tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, òun ni ó ń sọ agbára ẹ́ńjìnnì di ìrìn. Bí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá bá ẹ́ńjìnnì àti ẹrù mu, epo yóò máa ṣòfò, ẹ́ńjìnnì yóò tètè bàjẹ́, ọkọ̀ sì lè má ní agbára tí yóò fi padà dé èbúté kí ìjì tó dé. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn apẹja tí ń lo ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tàbí tòkunbọ̀ jù lọ, nítorí pé agbára tí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ní lónìí sábà máa ń kéré sí èyí tí a kọ sí ara ìdérí rẹ̀. Nítorí náà, ẹrù tí ọkọ̀ ń gbé lójoojúmọ́ àti ipò tí ẹ́ńjìnnì wà báyìí ni a fi ń yan pùròpẹ́là fún un.

## Ìtàn ní ṣókí

Ní ọdún 1836, Francis Pettit Smith, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti John Ericsson, ọmọ ilẹ̀ Swídìn, gba ìwé àṣẹ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù fún pùròpẹ́là tí ó lè ti ọkọ̀. Ní ọdún 1909, Ole Evinrude bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ ní ìlú Milwaukee ní Amẹ́ríkà, irú ẹ́ńjìnnì yìí sì di ohun tí ará ìlú lè rà. Ilé iṣẹ́ Yamaha ti ilẹ̀ Japan gbé ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1960. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹ́ńjìnnì Yamaha Enduro tí agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 40 wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ àwọn apẹja, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a sì ń tún ṣe tí a tún ń lò fún ọdún púpọ̀.

## Àwọn ìwọ̀n tí a ń kọ sí ara pùròpẹ́là

A máa ń kọ nọ́ńbà sí ara ọ̀pọ̀lọpọ̀ pùròpẹ́là. Bí àpẹẹrẹ, lára pùròpẹ́là Yamaha a lè rí *11 1/4 x 14-G*. Ìtumọ̀ rẹ̀ nìyí:

* Ìbú (11 1/4): èyí ni ìwọ̀n òbìrìkìtì tí ṣóńṣó ewé ń fà bí ó ti ń yí, ní íǹṣì. Ìbú tí ó tóbi máa ń gbá omi púpọ̀ mú, ó sì dára fún ọkọ̀ tí ó wúwo tí kì í sáré.
* Ìgbésẹ̀ (14): èyí ni ibi tí pùròpẹ́là ìbá tẹ̀ síwájú dé bí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìyọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣó onírẹ́sẹ̀ ṣe ń wọ inú pákó. Ìgbésẹ̀ kékeré dà bí gíà kìíní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́: ó lágbára láti fa ẹrù. Ìgbésẹ̀ ńlá dà bí gíà òkè: ó dára fún eré nígbà tí ọkọ̀ bá fúyẹ́.
* Lẹ́tà (G): èyí ń tọ́ka sí irú ẹ́ńjìnnì tí ihò àárín pùròpẹ́là náà bá mu. Pùròpẹ́là tí lẹ́tà rẹ̀ yàtọ̀ kì í sábà wọ ọ̀pá ẹ́ńjìnnì mìíràn.

Iye ewé náà ṣe pàtàkì. Ewé mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ jù. Ewé mẹ́rin máa ń di omi mú dáadáa nígbà tí ẹrù bá pọ̀ tàbí tí ìgbì bá ń gbé ọkọ̀ sókè sódò, ṣùgbọ́n ó máa ń dín ìyípo ẹ́ńjìnnì kù díẹ̀.

## Ìyípo ẹ́ńjìnnì ni òṣùwọ̀n

Ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì máa ń sọ iye ìgbà tí ó yẹ kí ẹ́ńjìnnì yí ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí a bá fún un ní epo dé òpin. Fún Enduro 40, iye náà wà láàárín 4,500 sí 5,500. Pùròpẹ́là tí ó tọ́ ni èyí tí ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dé àárín iye yìí nígbà tí ẹrù tí a máa ń gbé bá wà nínú ọkọ̀.

Bí ìgbésẹ̀ bá tóbi jù, ẹ́ńjìnnì kò ní lè dé iye náà. Yóò máa ṣiṣẹ́ bí ẹni tí ń gun òkè pẹ̀lú gíà kẹrin. Èédú yóò máa kó jọ sínú rẹ̀, yóò máa gbóná, písítìnì sì lè jóná. Àṣìṣe yìí ṣòro láti fura sí, nítorí pé ariwo ẹ́ńjìnnì kì í pọ̀, ó sì lè dà bíi pé ara rẹ̀ balẹ̀. Bí ìgbésẹ̀ bá kéré jù, ẹ́ńjìnnì yóò kọjá 5,500, èyí sì ń jẹ ara rẹ̀ bákan náà.

Gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé, bí a bá dín ìgbésẹ̀ kù ní íǹṣì kan, ìyípo ẹ́ńjìnnì máa ń lọ sókè ní nǹkan bíi 150 sí 200. Bí a bá fi íǹṣì kan kún un, yóò lọ sílẹ̀ ní iye kan náà.

## Ohun tí ọjọ́ orí ẹ́ńjìnnì ń yí padà

Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀, ògiri inú rẹ̀ àti òrùka písítìnì máa ń jẹ, agbára ìfúnpọ̀ inú rẹ̀ á sì dín kù. Pùròpẹ́là tí ó bá a mu nígbà tí ó wà ní titun lè wá di ẹrù tí ó ju agbára rẹ̀ lọ. Ohun tí a sábà máa ń ṣe ni pé kí a dín ìgbésẹ̀ kù ní íǹṣì kan tàbí méjì.

Ṣùgbọ́n a kì í fi pùròpẹ́là bo àìsàn ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀. Kí a tó ra òmíràn, ó yẹ kí mẹkáníìkì yẹ púlọ́ọ̀gì, kabúrétọ̀ àti ìfúnpọ̀ inú sílíńdà kọ̀ọ̀kan wò. Bí ti ọ̀kan bá kéré sí èkejì gan-an, àtúnṣe ni ó kàn. Ó tún yẹ kí a fọ ìdí ọkọ̀ mọ́, nítorí pé ewédò àti ìkarahun tí ó lẹ̀ mọ́ ọn máa ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Bákan náà, pèpéle irin tí ó wà lókè pùròpẹ́là gbọ́dọ̀ wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú ìdí ọkọ̀ tàbí kí ó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i. Bí ẹ́ńjìnnì bá ga jù, pùròpẹ́là á máa fa afẹ́fẹ́ mu, ẹ́ńjìnnì á máa ké lásán, ọkọ̀ kò sì ní rìn.

## Bí a ṣe ń ṣe àyẹ̀wò lórí omi

# Kó ẹrù tí a máa ń kó lọ sí ibi ìpẹja sínú ọkọ̀: ènìyàn, àwọ̀n, yìnyín àti epo.
# So mítà ìyípo mọ́ wáyà púlọ́ọ̀gì. Irú èyí tí a kàn ń wé mọ́ wáyà náà wà.
# Yan ibi tí omi ti pa rọ́rọ́, kí o fún ẹ́ńjìnnì ní epo dé òpin fún ìgbà díẹ̀, kí o sì kọ iye ìyípo sílẹ̀.
# Fi GPS orí fóònù wo eré ọkọ̀. Ṣe é ní àlọ àti ní àbọ̀, kí ìṣàn omi má baà tan ọ́ jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ọkọ̀ kan tí ó kún fún ẹrù dé 4,200 péré pẹ̀lú pùròpẹ́là oní-íǹṣì 14. Ó ku 300 kí ó tó kan ìsàlẹ̀ òṣùwọ̀n. Bí a bá fi pùròpẹ́là oní-íǹṣì 11 rọ́pò rẹ̀, íǹṣì mẹ́ta tí a dín kù lè gbé ìyípo náà sókè ní 450 sí 600, kí ó dé 4,650 sí 4,800. Iye yìí wà láàárín òṣùwọ̀n, ààyè sì ṣì wà fún un láti lọ sókè díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá fúyẹ́.

Gíà Enduro 40 máa ń mú kí pùròpẹ́là yí lẹ́ẹ̀kan fún ìyípo ẹ́ńjìnnì méjì. Ní 4,800, pùròpẹ́là á yí ní ìgbà 2,400 ní ìṣẹ́jú kan. Íǹṣì 11 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 27.94, nítorí náà eré orí ìwé jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 40 ní wákàtí kan. Bí fóònù bá fi 26 hàn, a jẹ́ pé nǹkan bíi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó yọ̀ nù sínú omi. Kò sí pùròpẹ́là tí kì í yọ̀, ọkọ̀ tí ó wúwo a sì máa yọ̀ ju èyí tí ó fúyẹ́ lọ. Bí yíyọ̀ náà bá pọ̀ sí i lójijì, ó ṣeé ṣe kí ewé ti tẹ̀ tàbí kí rọ́bà àárín pùròpẹ́là ti já.

## Lórí àwọn adágún Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ jìnnà sí òkun, adágún tí a fi dáàmù dá ni ó sì wà nítòsí wọn: dáàmù Erelú ní Ọ̀yọ́, dáàmù odò Ọbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, àti dáàmù Ìkéré lórí odò Ògùn nítòsí Ìṣẹ́yìn, tí ó tóbi ju àwọn méjèèjì lọ. Lórí adágún kékeré, àjẹ̀ sábà máa ń tó apẹja. Ẹni tí ó bá gbé ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ wá láti Èkó, Ẹ̀pẹ́ tàbí Àgbádárìgì ní láti mọ̀ pé ohun mẹ́ta yí padà.

Èkíní ni gíga ilẹ̀. Àwọn ìlú méjèèjì ga ju òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 300. Ẹ́ńjìnnì tí ń fi kabúrétọ̀ ṣiṣẹ́ máa ń pàdánù nǹkan bíi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ fún gíga bẹ́ẹ̀. Èkejì ni omi fúnra rẹ̀. Omi òkun wúwo ju omi dídùn lọ díẹ̀, nítorí náà ọkọ̀ kan náà yóò rì wọlé díẹ̀ sí i lórí adágún. Ẹ̀kẹta ni ohun tí ó wà lábẹ́ omi. Igbó tí omi dáàmù bò mọ́lẹ̀ lè fi kùkùté sílẹ̀, omi sì máa ń fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun méjì àkọ́kọ́ kéré bí a bá wò wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n fún ẹ́ńjìnnì tí ó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n lè tó ìdí láti tún ìyípo wọ̀n kí a tó gba pùròpẹ́là tí ó bá a wá.

## Ohun tí a fi ń ṣe é

Alumíníọ̀mù ni ó wọ́pọ̀ jù. Ó rọ̀, ó sì máa ń tẹ̀ tàbí kí ó ya bí ó bá kọlu òkúta, èyí tí ó ń gba gíà là. Irin tí kì í dípẹtà le jù ú lọ, ewé rẹ̀ sì máa ń fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ó wọ́n, bí ó bá sì kọlu kùkùté, ìjàǹbá náà lè dé ọ̀dọ̀ gíà. Fún ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí ẹ̀yà gíà rẹ̀ ṣòro láti rí, alumíníọ̀mù ni ó dára jù ní ibi tí omi kò ti jìn.

Nínú ọ̀pọ̀ pùròpẹ́là, rọ́bà kan wà ní àárín tí ó ń gba ìkọlù mọ́ra. Bí rọ́bà náà bá já, ẹ́ńjìnnì yóò máa ké ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò ní yára. Láti mọ̀ ọ́n, a máa ń fa ìlà kan láti irin inú dé irin òde. Bí ìlà náà kò bá bá ara wọn mu mọ́ lẹ́yìn tí a ti rìn, rọ́bà náà ti já.

## Ìtọ́jú àti ààbò

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan pùròpẹ́là, ó gbọ́dọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, kí ó yọ wáyà púlọ́ọ̀gì kúrò, kí ó sì rí i pé kò sí nínú gíà. Bí ọwọ́ bá yí pùròpẹ́là nígbà tí gíà wọlé, ẹ́ńjìnnì lè dédé ta. Bí a bá ti tú u, kí a wo ìdí rẹ̀ dáadáa: okùn ìpẹja tí ó wé mọ́ ọ̀pá ibẹ̀ máa ń gé rọ́bà tí ń dí omi. Bí ọ́ìlì gíà bá ti funfun bíi mílíìkì, omi ti wọ inú rẹ̀. Kí a fi gíríìsì kun ọ̀pá náà kí a tó dá pùròpẹ́là padà, kí a sì fi písìnnì titun há nọ́ọ̀tì rẹ̀.

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí lítà pẹ́tíróòlù kan tí kò tó ₦200 ní iye owó ìjọba kọjá ₦480, ìnáwó pùròpẹ́là tí kò tọ́ ti pọ̀ sí i fún apẹja. Nítorí èyí, ó dára kí apẹja tọ́jú pùròpẹ́là kejì tí ó ti dánwò sínú ọkọ̀, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì, písìnnì àti spánà rẹ̀, kí ó lè pààrọ̀ rẹ̀ bí èyí tí ó ń lò bá bàjẹ́ lójú omi.