Àgbélébùú Inú Ọjà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹni tí ó bá dé ìlú Chichester, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yóò rí ilé olókùúta kékeré kan ní oríta àárín ìlú. Igun mẹ́jọ ni ó ní. Òpó ni ó gbé òrùlé rẹ̀ ró, kò sí ògiri. Àgbélébùú Ọjà ni wọ́n ń pè é, orúkọ yìí sì lè mú kí àlejò rò pé ibi àdúrà ni.

Lóòótọ́, ọjà àti ìjọ kò jìnnà síra nígbà náà. Àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ni wọ́n ti ń ná àwọn ọjà kan, títí òfin Winchester ti ọdún 1285 fi kà á léèwọ̀. Ṣùgbọ́n ti òwò ni àgbélébùú inú ọjà ń ṣe jù. Ọba ni ó ń fúnni láṣẹ láti dá ọjà sílẹ̀, àgbélébùú sì dúró bí àmì pé ọjà náà ní àṣẹ. Ìdí rẹ̀ ni wọ́n ti ń kéde. Gbangba ọjà náà ni òfin fẹ́ kí àgbẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ wá, kí aláròóbọ̀ má baà lọ dè é lọ́nà, kí ó rà á tán, kí ó sì sọ oúnjẹ di ọ̀wọ́n. Ní Salisbury, níbi tí òwò ti gbilẹ̀, mẹ́rin ni wọ́n ní: ti adìẹ, ti wàràkàṣì, ti irun àgùntàn àti ti ẹran ọ̀sìn. Ti adìẹ nìkan ni ó kù lónìí.

Owó ọjà ni ó ni àwọn ènìyàn lára. Àwọn ọmọ ìlú tí ó ní ẹ̀tọ́ kì í sábà san án; ará oko tí ó ru ẹyin àti ewébẹ̀ wá ni wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú tèmi, èyí ni ó mú kí iṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Edward Story tóbi. Ní nǹkan bí ọdún 1501 ni ó kọ́ ti Chichester, kí àwọn tálákà lè máa tà lábẹ́ rẹ̀ láìsan owó. Ní Malmesbury, àwọn ará ìlú fúnra wọn ni ó kọ́ tiwọn. John Leland, tí ó rí i ní nǹkan bí ọdún 1540, kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí òjò má baà pa àwọn òtòṣì ọlọ́jà ni wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Ní ọdún 1808, wọ́n ṣí ilé ọjà tuntun ní Chichester, èyí tí John Nash ya àwòrán rẹ̀, ọjà sì kó lọ síbẹ̀. Ilé tí Story kọ́ ṣì wà ní oríta.