Ìmọ́tótó Ilé ní Mainland Èkó: Láti Orí Eérú Dé Orí Hydrogen Peroxide

Kí ọ̀rúndún ogún tó bẹ̀rẹ̀, oko àti abúlé Àwórì ló pọ̀ jù lórí ilẹ̀ tí Yaba, Sùúrùlérè àti Muṣin wà lónìí. Ilé alámọ̀ ni wọ́n ń gbé, ohun tí oko bá sì mú jáde ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ọwọ̀ tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ni wọ́n fi ń gbálẹ̀ láàárọ̀. Ìgbẹ́ màlúù tí wọ́n fi omi pò ni àwọn obìnrin fi ń pa ilẹ̀ ilé kí ó lè dán, kí eruku má sì máa sọ. Ewé ìpín, tí ara rẹ̀ le kankan, ló ń ha igbá àti ọpọ́n. Iyanrìn àti eérú ló ń fọ ìkòkò. Eérú kan náà ni ìpìlẹ̀ ọṣẹ dúdú. Wọ́n á sun èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ di eérú, tàbí èèpo kókó lẹ́yìn tí kókó dé ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n á sẹ́ omi rẹ̀, wọ́n á sì sè é pọ̀ mọ́ àdín. Potash tó wà nínú omi eérú ló ń sọ òróró di ọṣẹ.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, ìmọ́tótó kúrò ní ọ̀rọ̀ inú ilé nìkan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ọ̀rọ̀ òfin. Ní 1867, àwọn Kristẹni Ẹ̀gbá tí wọ́n lé kúrò ní Abẹ́òkúta wá tẹ̀dó sí Èbúté-Mẹ́ta, níbi tí John Glover, tó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà, ti pín ilẹ̀ fún wọn ní òpópónà gbọọrọ. Ní 1897, Dókítà Ronald Ross fi hàn ní India pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri. William MacGregor, dókítà tó jẹ́ gómìnà Èkó láti 1899 dé 1904, mú ìmọ̀ yìí lò kíákíá: ó ní kí wọ́n dí àbàtà, kí wọ́n la ojú omi, kí wọ́n sì pín quinine fún àwọn ènìyàn.

Láti ìgbà náà ni wolé-wolé, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ìmọ́tótó ilé wò, ti di ẹni tí gbogbo ilé mọ̀. Kì í ṣe ìta nìkan ló ń yẹ̀ wò. Ó ń wọ ẹ̀yìnkùlé, ó ń ṣí ìdérí àmù, ó ń wo ilé ìdáná àti ilé ìyàgbẹ́. Bí ó bá rí tanwíjí nínú omi, onílé lè fojú ba ilé ẹjọ́ kí ó sì san owó ìtanràn. Ìbẹ̀rù wolé-wolé yìí mú kí ọ̀pọ̀ ìdílé máa da omi àmù nù déédéé, kí wọ́n máa fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì máa dé e. Àṣà náà wà títí lẹ́yìn tí ìbẹ̀rù ti lọ.

Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń tàn ká, tó bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, ló yí ìtàn Mainland padà jù lọ. Eégbọn ara eku ló ń gbé àrùn náà wọ ara ènìyàn, ilé tó há mọ́ra wọn ní erékùṣù sì jẹ́ ibùgbé fún eku. Ìjà náà gba nǹkan bí ọdún mẹ́fà. Nínú àwọn tó jà á ni Dókítà Isaac Ladipo Oluwole, ọmọ Áfíríkà tó di olórí ètò ìlera ìlú Èkó, ẹni tó sọ iṣẹ́ wolé-wolé di iṣẹ́ tí a ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó ní Yaba. Láti Yaba ni àwọn tó kọ́ iṣẹ́ náà ti tàn ká Nàìjíríà. Ní 1928, ìjọba dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ láti wó àwọn ilé ahẹrẹpẹ, kí wọ́n sì la àdúgbò tuntun. Yaba wà lára àwọn àdúgbò tí wọ́n là báyìí, pẹ̀lú òpópónà títọ́, gọ́tà àti àyè láàárín ilé sí ilé. Ohun tí wọ́n kọ́ lára àrùn eku ni pé gbígbálẹ̀ nìkan kò lè gba ilé tí kò ní afẹ́fẹ́ tí kò sì ní gọ́tà là.

Ní àkókò kan náà ni ọṣẹ ilé iṣẹ́ ń gba ọjà. Ní 1923 ni ilé iṣẹ́ Lever Brothers fi orúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, Apápá ló sì ti ń ṣe ọṣẹ rẹ̀. Ọṣẹ tí wọ́n ń gé tà ní ọjà wọ inú ilé fún aṣọ, abọ́ àti ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì. Lẹ́yìn náà ni Omo dé. Ó gbilẹ̀ débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe gbogbo ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú ní ọ́mò, ilé iṣẹ́ yòówù tí ì báà ṣe é. Nínú àwọn oògùn apakòkòrò, Ìsáàlì di òórùn ilé ìyàgbẹ́ àti ilé ìwòsàn, Détọ́ọ̀lì di ti omi ìwẹ̀ àti egbò, Jíìkì sì di ti aṣọ funfun àti ilé ìwẹ̀.

Bí àdúgbò kan ṣe ń rí omi àti gọ́tà ló ń sọ bí ilé rẹ̀ ṣe ń mọ́. Láti 1955, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó tí wọ́n wó ilé wọn lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Wọ́n to àwọn ilé náà lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀pọ̀ ìdílé tó ti ń gbé agbo ilé sì wá di ẹni tó ń dá ilé tọ́jú. Ọ̀tọ̀ ni ti Muṣin. Abẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ló wà, kò sí lára ìlú Èkó títí tí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Àwọn tó ń wá iṣẹ́ ya wọ ibẹ̀, ilé sì ń yára dìde ju ojú ọ̀nà, gọ́tà àti ẹ̀rọ omi lọ.

Nínú ilé onífẹ́ẹ̀sì-mí-n-fẹ́ẹ̀sì-ẹ ti Muṣin, ti Ìdí-Òró àti ti apá kan Yaba, àwọn ayálégbé gbé ìlànà tiwọn kalẹ̀. Yàrá bíi mẹ́wàá lè máa lo ilé ìwẹ̀ kan àti ilé ìyàgbẹ́ kan. Wọ́n á pín iṣẹ́ náà yàrá sí yàrá: ẹni tó kàn á gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, á fọ ilé ìwẹ̀, á sì da ìsáàlì sí ilé ìyàgbẹ́. Ẹni tó bá yẹ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ á sanwó tàbí kí ó gbọ́ èébú ní àárọ̀ kùtù. Omi kànga tàbí omi mẹ́ruwà ni wọ́n fi ń ṣe é. Nítorí owó ni wọ́n fi ń ra omi, omi tí wọ́n fi fọ aṣọ ni wọ́n tún fi ń fọ ilẹ̀.

Ní 1977, Ìpínlẹ̀ Èkó dá àjọ tó ń kó ìdọ̀tí sílẹ̀. Òun ló di LAWMA lẹ́yìn náà. Ní 1985, ìjọba ológun Muhammadu Buhari fi ìmọ́tótó àyíká kún ìgbógunti ìwà àìlófin, ọjọ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù sì di ọjọ́ ìmọ́tótó, tí kò sí ẹni tó gbọdọ̀ rìn láàárín aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀. Àwọn ará àdúgbò á kó ẹrẹ̀ gọ́tà, wọ́n á sì gé koríko. Ní 2015, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó dá a pé kò sí òfin tó fàyè gba dídá ènìyàn dúró sílé lọ́jọ́ náà. Ní 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ fagi lé ìséraró náà.

Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni hydrogen peroxide wọ ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ilé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ láyé. Louis Jacques Thénard, onímọ̀ ọmọ Faransé, ló kọ́kọ́ ṣe é ní 1818. Ní Èkó, ilé oògùn ni a ti mọ̀ ọ́n, nínú ìgò kékeré tó ṣókùnkùn, fún egbò àti etí. Àwọn onídìrí náà mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí òun ni wọ́n fi ń po èròjà tí ń pa irun láró. Èyí tí wọ́n kọ 10 volume sí lára jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. 20 volume jẹ́ bí ìdá mẹ́fà.

Àjàkálẹ̀ àrùn méjì ló gbé irú oògùn apakòkòrò yìí súnmọ́ ilé. Ní July 2014, Ebola wọ Èkó. Ilé ìwòsàn àrùn àjàkálẹ̀ ní Yaba ni wọ́n ti tọ́jú ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kó o níbẹ̀, omi chlorine ni wọ́n sì fi ń fọ ibi tí ara aláìsàn bá kàn. Ẹni 20 ló kó o ní Nàìjíríà, 8 kú, kí àrùn náà tó kúrò nílẹ̀ ní October. Ní February 2020, ilé ìwòsàn Yaba yìí kan náà ló gba ẹni àkọ́kọ́ tó ní Kòrónà ní Nàìjíríà. Lóṣù May ọdún náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé to hydrogen peroxide tí kò dín ní ìdá ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún mọ́ ọtí líle àti chlorine, gẹ́gẹ́ bí ohun tó lè pa àrùn náà lórí tábìlì, ilẹ̀kùn àti ilẹ̀. Ó sì wà nínú èròjà ìpara ọwọ́ tí àjọ náà kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò fara sin. Omi ni, àmọ́ ọ́síjìn kan lé nínú rẹ̀. Ọ́síjìn yìí ló ń ba ara kòkòrò àìfojúrí jẹ́, ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀ kò sì ju omi àti afẹ́fẹ́ ọ́síjìn lọ, nítorí náà kì í fi òórùn sílẹ̀ bíi Jíìkì. Ìmọ́lẹ̀ àti ooru ń bà á jẹ́. Ìdí nìyí tí ìgò rẹ̀ fi ṣókùnkùn, tí èyí tó ti jókòó pẹ́ nínú oòrùn lórí àtẹ ò fi lágbára mọ́. Ó gbọ́dọ̀ wà lórí ohun tí a ń fọ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí a tó nù ún. Ó lè ṣí àwọ̀ aṣọ. A kì í da á pọ̀ mọ́ fínígà nínú ìgò kan, nítorí ásíìdì tí ń jó ara ni yóò dà, a kì í sì í dà á pọ̀ mọ́ Jíìkì. Jíìkì fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan oògùn ilé ìyàgbẹ́ tó ní ásíìdì, nítorí afẹ́fẹ́ tó máa ń jáde nínú rẹ̀ lè pa ènìyàn.

Kò sí èyíkéyìí nínú àwọn oògùn wọ̀nyí tó gba ipò ìgbálẹ̀, ọṣẹ àti omi. Ìdọ̀tí ń jẹ agbára hydrogen peroxide tán kí ó tó dé ara kòkòrò, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń ṣe Jíìkì. Nítorí náà, gbá a, fọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà ni kí o tó da oògùn sí i: ìlànà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àyíká ń kọ́ni nìyí. Ọgọ́rùn-ún ọdún ìtàn Mainland náà jẹ́rìí sí i: níbi tí ẹ̀rọ omi àti gọ́tà ti ṣáájú, ilé rọrùn láti tọ́jú, níbi tí wọn kò sí, àwọn ayálégbé ló fi agbára ọwọ́ àti owó àpò wọn dí àlàfo náà.