Funfun Tí Kì Í Ṣe Funfun: Ọgbọ́n Àwọn Aládìrẹ Ẹ̀gbá

Nígbà tí wọ́n la ojú irin láti Èkó láàárín 1896 sí 1901 títí ó fi wọ Ìbàdàn, Ifọ̀ wà lára ibi tí ọkọ̀ gbà kọjá. Báyìí ni Ifọ̀ àti abúlé tó yí i ká ṣe bọ́ sẹ́bàá ọ̀nà aṣọ: aṣọ funfun òyìnbó ń gòkè lọ sí Abẹ́òkúta, adìrẹ ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí Èkó.

Aró kan ṣoṣo ni àwọn aládìrẹ ìgbà náà ní, èyí tó ń ti ara ewé ẹ̀lú jáde. Obìnrin á fi ìyẹ́ adìyẹ tọ ẹ̀kọ láfún sójú aṣọ. Àwọn ọkùnrin Abẹ́òkúta ní tiwọn a máa gé bátànì sára páànù tín-ín-rín inú àpótí tíì, wọ́n á sì fi ẹ̀kọ gba ojú rẹ̀ kọjá. Bí aṣọ bá jáde nínú ìkòkò aró, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù. Wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún sá a, títí ilẹ̀ rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú tán.

Ṣùgbọ́n aró máa ń yọ́ wọ abẹ́ ẹ̀kọ. Bí wọ́n bá ti họ ẹ̀kọ kúrò, ibi tó bò kì í sábà funfun báláú, àyìnrín ni. Síbẹ̀, ẹni tó bá dúró lọ́ọ̀ọ́kán yóò búra pé funfun ni. Ilẹ̀ dúdú tó yí i ká ló ń tan ojú. Kí onítọ̀hún gbé bébà funfun tì í, àyìnrín á yọjú lójú ẹsẹ̀. Ohun kan náà ló ń mú kí òbìrí ńlá inú bátànì adìrẹ tí wọ́n ń pè ní òṣùbàmbá tàn bí òṣùpá. Àwọn ahunṣọ náà mọ̀ ọ́n: nínú aṣọ òkè ẹtù, ìlà àyìnrín tín-ín-rín ti tó láti jí gbogbo aṣọ.

Ní Paris, ẹjọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí bá dé. Michel-Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́míkà, di alábòójútó iṣẹ́ aró ní ilé iṣẹ́ aṣọ híhun Gobelins ní 1824. Wọ́n ń ráhùn pé òwú dúdú ibẹ̀ kò dúdú tó bí wọ́n bá hun ún mọ́ búlúù àti àlùkò. Ó yẹ aró wò, kò rí àléébù. Àwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúdú ló ń mú kó dà bí èyí tó ti ṣí. Ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1839, àwọn ayàwòrán bíi Georges Seurat sì kọ́ ọgbọ́n níbẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1930, ọjà adìrẹ dẹnu kọlẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì sódà ti wọlé, àwọn oníbàárà ń ké pé adìrẹ ń ṣí. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fòfin de àwọn èlò náà, àwọn aláró ta kò ó, ó sì di ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ olùwádìí ní 1936. Ẹjọ́ náà ju ọ̀rọ̀ aṣọ ṣíṣí lásán lọ. Bí ilẹ̀ dúdú bá ti ṣí, àyìnrín pàdánù ohun tó ń sọ ọ́ di funfun, gbogbo bátànì á sì kú.

Lónìí, ẹni tó bá gba Ifọ̀ lọ sí ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta yóò bá adìrẹ kàm̀pálà aláràbarà níbẹ̀. Ayédèrú tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ náà wà, funfun rẹ̀ sábà máa ń dúró ti búlúù láìsí àyìnrín láàárín wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ra ojúlówó adìrẹ ẹlẹ́kọ, etí bátànì ni kó wò, níbi tí aró ti yọ́ wọ abẹ́ ẹ̀kọ.